Ohun Tí Mo Kọ Sára Páálí

Ìró tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láràárọ̀ lọ́dún yẹn ni ìró òkúta wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ sínú agolo. Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí ìyá mi, ló máa ń ṣa ìrẹsì ọ̀fadà lẹ́yìnkùlé wa ní Mowe kí oòrùn tó mú. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á gbé àtẹ lé itan, wọ́n á fẹ́ ìyàngbò dànù, wọ́n á wá máa fi ìka méjì mú òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan sọ sínú agolo mílíìkì tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Pin. Pin. Lẹ́yìn ògiri, àwọn ọkọ̀ àjàgbé á máa kùn lórí ọ̀nà márosẹ̀, àkùkọ aládùúgbò á máa kọ, ẹnì kan á máa fi ìbínú fa okùn jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀ tí kò dún, ṣùgbọ́n ìró agolo yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ àti pé ẹnì kan wà nílé. Ìyá mi á ti bá ọkọ̀ àárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, wọn kì í sì í dé títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ọwọ́ Ìyá Àgbà ni mo gbọ́njú sí. Èmi ni mò ń pọn omi kún àgbá, èmi ni mò ń gbálẹ̀, èmi náà ni mò ń koná sídìí ìkòkò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Mo rò pé kò sí ẹni tí ìró òkúta nínú agolo lè dẹ́rù bà.

Bọ̀dá Déjì ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó wà. Àwọn ni àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, àbúrò ìyá mi. Ṣọ́jà ni wọ́n, ogun tó ń jà lókè Ọya ni ìjọba sì rán wọn lọ, ogun tí kò tíì tán títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún náà, wọ́n fún wọn láàyè ọ̀sẹ̀ méjì láti wá wo ilé. Kí wọ́n tó wọ iṣẹ́ ṣọ́jà, àwọn ló máa ń gbé mi sọ́rùn kiri àdúgbò, àwọn ló fi igi kọ orúkọ mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí mo fi mọ̀ ọ́n kọ, tí wọ́n sì sọ mí ní Tíṣà. Mo ti ń retí pé tariwotariwo ni wọ́n máa dé. Báàgì kan ni wọ́n gbé dé, wọ́n sì jókòó ti ògiri. Bọ́ǹbù kan ti bú nítòsí wọn, etí wọn òsì kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ya èmi ọmọdé lẹ́nu ni pé etí tí kò gbọ́ràn yìí ń gbọ́ òkúta inú agolo. Gbogbo ìgbà tó bá ti dún ni wọ́n máa ń ta gìrì. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Àgbà ya aṣọ àtijọ́ kan, wọ́n tẹ́ ẹ sínú agolo náà, òkúta kò sì dún mọ́. Inú bí mi. Ó ṣe mí bíi pé wọ́n gba ohun kan lọ́wọ́ mi. Ní báyìí tí mo ti dàgbà, ojú ìbínú yẹn máa ń tì mí, ó sì máa ń wù mí kí n lọ bẹ Ìyá Àgbà nítorí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ̀ rárá pé mo bínú.

Ìyá Ràṣídì ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Aránṣọ ni wọ́n, Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá, wọ́n sì máa ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wí bí ẹni ń bá ewúrẹ́ olójúkòkòrò wí. Ọmọ wọn, Bọ̀dá Ràṣídì, wà níbi tí Bọ̀dá Déjì wà gan-an. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan wọ́n wá jókòó ti Bọ̀dá Déjì, wọ́n ní kó má fi ohunkóhun pa mọ́ fún àwọn. Mò ń fọ abọ́ lọ́wọ́, mo sì gbọ́. Bọ̀dá Déjì ní ó ti ń lọ sí ọdún méjì tí àwọn ti wà nínú igbó. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá sọ pé àwọn ṣọ́jà tó yẹ kó wá rọ́pò àwọn á dé kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ní wọ́n á dé kí ọyẹ́ tó dé, ọyẹ́ ti wá lọ, àwọn ò rí ẹnì kankan. Wọ́n ní ìbọn míì á há nígbà tí èèyàn bá nílò rẹ̀ jù. Ìyá Ràṣídì bèèrè bóyá Ràṣídì ṣì ń kírun. Bọ̀dá Déjì dá wọn lóhùn pé Ràṣídì ló ń jí gbogbo àwọn fún ìrun àsùbáà, àti onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sùn. Ìyá Ràṣídì rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi fi etí ìró wọn nu ojú. Ìyá Àgbà wá ní kí ọmọ àwọn má padà lọ mọ́. Bọ̀dá Déjì ní ṣọ́jà tí kò bá padà ti di ìsáǹsá, iwájú ìyá òun gan-an ni wọ́n á ti wá fa òun lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, wọ́n lọ. Ìyá Àgbà kò sìn wọ́n dé títì. Ìrẹsì tí wọ́n ti ṣà tán ni wọ́n tún dà sínú àtẹ, tí wọ́n sì ń ṣà á lọ.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Ìyá Àgbà. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwọn ti gbọ́, kí ni àwọn wá jókòó tì? Àwọn àti Ìyá Ràṣídì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn obìnrin tí ọmọ tàbí ọkọ wọn wà lójú ogun náà, láti Mowe dé Ibafo, títí wọ́n fi di méjìlá. Ojúde wa ni wọ́n ti pàdé. Wọ́n jiyàn púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn, lórí ibi tí wọn á dúró sí, lórí orin tí wọn á kọ, àti bóyá ó yẹ kí wọ́n jáde rárá. Obìnrin kan tó wá láti Ibafo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti gbọ́ ọ rí pé ẹnu obìnrin dá ogun dúró.

"Ẹnu ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Àbí ẹ rò pé ìbọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?"

Mo rántí pé orí mi wú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé tí àwọn obìnrin yìí bá lè sọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, tó dé etí tó yẹ, ogun máa tán, Bọ̀dá Déjì á sì wálé.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Àgbà kò kàwé, ilé kéwú nìkan ni Ìyá Ràṣídì lọ, èmi sì ni Tíṣà. Wọ́n ya páálí ọṣẹ méjìlá, wọ́n ra máàkà dúdú kan, wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi. Ìyá Àgbà ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré lè rí i kà: A kò fẹ́ ogun mọ́. Mo kọ ọ́. A KO FE OGUN MO. Nígbà tí mo parí èkíní, Ìyá Ràṣídì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó.

"Tíṣà, àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n máa ń fi sórí ọ̀rọ̀ ńkọ́? Kéwú tiwa ní tiẹ̀."

"Lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ ọ́, mà," ni mo fèsì. "Lẹ́tà ńlá kì í gba àmì."

Kò sí olùkọ́ kan tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Máàkà náà ló ti ń gbẹ, páálí mọ́kànlá ló ṣì kù, ọwọ́ ti ń ro mí, ó sì dùn mọ́ mi pé àgbàlagbà ń bi mí léèrè ohun tí kò mọ̀. Ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ni mo ti yẹ̀ wò láìmọye ìgbà, bóyá màá rí èyí tó jẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ nínú wọn. Bí mo bá ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ogun tí wọ́n ń jà kò gba àmì kankan, ohùn àárín ni sílébù rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló gba àmì. Ká ní mo fi àmì sórí kò, fẹ́ àti mọ́ ni, tí mo sì fi ogun sílẹ̀ lófìfo, ẹni tó bá kà á á mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bákan náà. Ọ̀rọ̀ tó sì wà láàárín yẹn, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn lára nọ́ńbà ọkọ̀ àti lára gbogbo pátákó ìjọba tó wà ládùúgbò wa: OGUN, orúkọ ìpínlẹ̀ wa. Kò sì sí ọmọ Mowe tí kò mọ̀ pé àwọn èèyàn wa máa ń ráhùn pé ó sàn kí wọ́n fà wá fún Èkó, torí ọ̀nà wa tó ti bàjẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Èmi náà mọ̀. Kò wá sọ́kàn mi ni.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n jáde. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n fi gbàjá bí obìnrin ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ẹ̀rín, wọ́n gbé páálí sáyà, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀ níbi tí ọ̀nà àdúgbò wa ti já sí títì. Mo gbé ike omi tẹ̀ lé wọn. Orin tí wọ́n ń kọ, ọkọ̀ àjàgbé ń gbé e mì. Àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè, àwọn míì ń ju ọwọ́ sí wọn, mo sì gbà pé gbogbo wọn ti kà á, ó sì ti yé wọn. Nígbà tó ṣe, ọkọ̀ jíìpù káńsù kan dúró. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, oníròyìn rédíò kan tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà ka páálí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìlà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ bí ẹni tó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìyá Àgbà sún mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ọ̀nà ikú ni ọ̀nà yẹn. Ó ti pẹ́ jù. Ẹ bá wa gba àwọn ọmọ wa."

"Màmá, a ti kà á, a sì ti gbọ́ yín," ló wí. "Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹ máa lọ sílé."

Ariwo ọkọ̀ ló gba ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n sì ń gbàdúrà fún un títí ó fi padà wọkọ̀. Gbogbo wọn jó wálé lọ́jọ́ náà. Ìyá Ràṣídì tẹ fóònù láti sọ fún ọmọ wọn, Ìyá Àgbà gbé ìkòkò ńlá kaná, wọ́n ní kí n sáré lọ ra epo pupa lóríta.

Ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó wà lóríta ni mo ti gbọ́ ọ. Rédíò rẹ̀ kì í kú. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní àwọn obìnrin kan ní Mowe fẹ̀hónú hàn láàárọ̀ pé àwọn kò fẹ́ wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ́, nítorí ọ̀nà wọn tó bàjẹ́, àti pé káńsù ti ṣèlérí láti tún un ṣe. Fọkanáísà náà rẹ́rìn-ín, ó ju ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ fún ẹni tó wá lẹ táyà pé àwọn màmá ti fa òun lé Èkó lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí láì bi òun. Kí wọ́n má ṣe kí òun ní kíkí Ẹ̀gbá mọ́ o, ọmọ Èkó lòun. Ẹni yẹn náà rẹ́rìn-ín. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìgò epo lọ́wọ́. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ṣe, mo mọ ẹni tó yẹ kí n sọ ọ́ fún, mo sì mọ bí ojú Ìyá Àgbà ṣe máa rí. Nígbà tí mo délé, wọ́n ń jó lọ́wọ́ nídìí ìkòkò. Mo gbé epo náà kalẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé màá sọ ọ́ tí wọ́n bá jẹun tán. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, mo ní ó di ọ̀la.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bọ̀dá Déjì pè. Ìyá Àgbà fi fóònù náà sórí ohùn ńlá nítorí etí ọmọ wọn, bí ẹni pé etí tiwọn ló ń dùn wọ́n. Bọ̀dá Déjì ní ọkọ̀ kan máa kó àwọn aláìsàn kúrò ní àgọ́ lọ́jọ́ kejì, àti pé dókítà ti kọ orúkọ òun sí i torí etí òun. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ràṣídì ti ń wú, kò sì rí àyè nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n ní tó bá dájú pé ìjọba ti gbọ́, pé àwọn arọ́pò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì sí i bí Ìyá Ràṣídì ṣe wí, òun lè fún Ràṣídì ní àyè òun, kí òun dúró. Tí kò bá dájú, òun á wọkọ̀. Wọ́n wá ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi.

"Tíṣà, wọ́n ní ìwọ lo kọ ọ́. Kí lo kọ?"

"A kò fẹ́ ogun mọ́."

"Ọkùnrin káńsù yẹn, ṣé ó kà á?"

"Ó kà á, sà."

"Kí ló wá wí?"

"Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì."

Gbogbo ohun tí mo sọ yẹn, òótọ́ ni. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé tí wọ́n bá mú mi lọ síbikíbi kí n búra, màá búra sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì ní búra èké. Ní òdìkejì fóònù, mo gbọ́ tí Bọ̀dá Déjì yíjú sí àwọn èèyàn kan, tí wọ́n ní, "Ẹ ò gbọ́? Àwọn ìyá wa ni o," tí àwọn kan sì hó yè. Mo ti la ẹnu. Mo rántí dáadáa pé mo la ẹnu. Ìyá Àgbà wo ilẹ̀kùn Ìyá Ràṣídì tó wà ní títì, wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Fún un." Ìlà sì já. Tí ẹ bá bi mí ìdí tí n kò fi sọ̀rọ̀, màá ní ẹ̀rù ló bà mí, ojú ló tì mí, n kò fẹ́ ba ayọ̀ wọn jẹ́. Èyí tó wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni pé n kò fẹ́ kí Bọ̀dá Déjì mọ̀ pé Tíṣà wọn kò mọ̀wé.

Ọjọ́ Ajé ni ìyá mi gbé ìròyìn náà wálé. Àwọn ará ibi iṣẹ́ wọn ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ wọn, wọ́n ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni Mowe máa kó ẹrù rẹ̀ bọ̀ l'Ékòó. Ọkọ̀ aláìsàn ti lọ láti ọjọ́ Sátidé. Ìyá Àgbà pe nọ́ńbà Bọ̀dá Déjì títí ilẹ̀ fi ṣú, kò wọlé. Àwọn obìnrin náà tún fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ló dé, kò sì sí ọkọ̀ kankan tó dúró. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyá Àgbà kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ọmọdé ni ẹ́, Àbẹ̀kẹ́," wọ́n sì padà sídìí àtẹ wọn. Mi ò tíì sọ fún wọn di òní pé mo ti mọ̀ ṣáájú kí fóònù yẹn tó dún. Àwọn arọ́pò kò dé. Káńsù dé ní tiẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì tó ní kò sì pé rárá. Katapílà aláwọ̀ yẹ́lò kan wọ àdúgbò wa, ó ro gbogbo gegele, ó dí gbogbo kòtò, ó tẹ́ ọ̀nà wa pẹrẹsẹ láti márosẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Bọ̀dá Ràṣídì fi igi ìtìlẹ̀ gba orí ọ̀nà tuntun náà wọlé, tí ìyá wọn sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, obìnrin tí kì í dọ̀bálẹ̀.

Mo ti jáde ní yunifásítì báyìí, mo ti sin ìjọba tán, yàrá kan ni mo háyà ní Akute, mo sì ń wáṣẹ́. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, wọ́n ṣe àríyànjiyàn kan lórí bóyá ìfẹ̀hónúhàn máa ń dá ogun dúró. Wọ́n fi orúkọ mi sí i, mo dìde, mo sì tún jókòó. Ohun tí mo mọ̀ kò bá ti ẹgbẹ́ kankan mu. Mo mọ ìfẹ̀hónúhàn kan tó mú ọmọ kan wálé, tó dá ọmọ kan dúró sójú ogun, tó sì tún ọ̀nà kan ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ díẹ̀ fún nínú rẹ̀ ní kí n má da ara mi láàmú, pé ká ní mo tilẹ̀ fi gbogbo àmì sí i, ìjọba kò ní gbọ́. Bóyá òótọ́ ni. Ó yẹ kí èyí tù mí nínú, ṣùgbọ́n tí mo bá rò ó dé ìdí, ó tún ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù.

Kí wọ́n tó tún ọ̀nà yẹn ṣe, ọkọ̀ kì í wọ ọ̀dọ̀ wa. Oríta ni àlejò ti máa ń sọ̀ kalẹ̀, tí àwọn ọmọdé á sáré ṣáájú rẹ̀ wá sọ ẹni tó ń bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe, kò sẹ́ni tó sáré ṣáájú. Ọkọ̀ kan wọlé wẹ́rẹ́, ó dúró síwájú ilé wa. Ọkùnrin mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, aṣọ lásán ni wọ́n wọ̀, ọ̀kan mú fáìlì dání. Ìyá Àgbà rò pé káńsù ni. Wọ́n dìde lórí àpótí, wọ́n gbọn èèrí ìrẹsì kúrò lára, wọ́n sì tẹ orúnkún díẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n lè bí.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣeun o, ẹ kú iṣẹ́ ọ̀nà. A ń gbádùn ẹ̀."

Ẹni tó mú fáìlì wo àwọn méjì yòókù. Ó rọra ní kí màmá jókòó. Ìyá Àgbà ní àwọn ò ní jókòó nígbà tí àlejò wà ní ìdúró, wọ́n ní kí n lọ bu omi tútù wá. Mo bu omi náà. Bí mo ṣe ń gbé e dé iwájú wọn ni ojú mi bọ́ sára fáìlì yẹn, mo sì ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Orúkọ Bọ̀dá Déjì ni, ti baba wọn tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà: olóògbé. Ìyá Àgbà ṣì ń sọ fún wọn bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tí ẹrẹ̀ kò sì gba ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo gbé omi náà kalẹ̀, mo dúró ti Ìyá Àgbà. Mo jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ tán.